Gbàgede tí Bàbá Lọ Wò ní Àbújá

Ibùdó Òṣìṣẹ́, Gárkì, Àbújá.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1983.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́. Èyíkéyìí tí ìwé yìí bá bá yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ mú un. Bàbá mi ńkọ́? Ojú tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Yínúsà, baálé wa. Ẹ kí Tíṣà Adésànyà tó ń ka ìwé yìí fún yín, tí wọ́n á sì bá yín kọ èsì. Ẹ kí gbogbo ẹni tó jókòó sí ojúde ilé Aláró tó ń gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ìwé Láníyì dé, kò sẹ́ni tó ń gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín pé n kò yọjú ní Iléyá tó kọjá yìí. Iṣẹ́ ni, ìyá mi, kì í ṣe àfojúdi. Iṣẹ́ bíríkìlà tí mò ń ṣe níbí kì í ṣe ti ká mọ ògiri ilé ìdáná mọ́. Gbàgede ìlú là ń kọ́, ibi tí gbogbo Nàìjíríà yóò máa pàdé sí. Ẹ wo ojúde ọba wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sọ ọ́ di mẹ́wàá, kò tíì tó o. Òkúta funfun la tẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń dán débi pé ẹ lè fi wo ojú yín. Omi ń tú sókè láàárín rẹ̀, ó ga tó igi àgbọn. Igi yí i ká, àga wà lábẹ́ igi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, èrò á pé bìbà: Haúsá, Ìbò, Tíìfì, Núpé, tọkọtaya, ọmọ wẹ́wẹ́, kálukú ń ṣe fáàrí. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ tí ẹ ní Láníyì ará Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ń wá, ọwọ́ ni wọ́n á fi mú yín wá bá mi. Ta ni kò mọ̀ mí?

Ẹ fi àdúrà sìn mí. Èmi ni ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé,
Láníyì.


Ilé Aláró, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ogúnjọ́, oṣù kọkànlá, ọdún 1983.

Láníyì, Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ìwé rẹ dé. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ojúde kún débi pé àwọn kan dúró sẹ́yìn ògiri tí wọ́n na ọrùn. Bàbá Yínúsà ní kí wọ́n tún ibi tí omi ti ń tú sókè kà. Ó ní, “Ọmọ Òjó ló kọ́ ìyẹn?” Mo ní òun náà ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ibi ìpọnmi, wọ́n á yà fún mi.

Bàbá rẹ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kàn káwọ́ lérán. Ọjọ́ kẹta ló tó pè mí, ó ní, “Mùfúlíátù, ojú mi ọ̀tún ti lọ. Ti òsì yìí, bí ẹni tó ń wo ènìyàn láàárín èéfín ni. Dókítà ní kò lè rí òjò tó ń bọ̀. Mo fẹ́ rí nǹkan tí ọmọ mi kọ́ kí ó tó kú.” Àkànní, o mọ̀ pé bàbá rẹ kì í tọrọ nǹkan. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, èyí nìkan ni mo gbọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde pé òun fẹ́ nǹkan. Ó ti sọ ọ́ ní oko, ó ti sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Òjó ń lọ wo gbàgede ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, sọ ọjọ́ tí a ó fi í ránṣẹ́ sí ọ. Dáhùn kíákíá. Ojú kò ní sùúrù.

Ìyá tó bí ọ,
Mùfúlíátù. (Èmi Adésànyà ni mo bá wọn kọ ọ́.)


Gárkì, Àbújá.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, ọdún 1984.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé èsì pẹ́. Ara mi kò le fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fúyẹ́.

Ní ti Bàbá, ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀. Eruku ọyẹ́ tó wà níbí lásìkò yìí, kò dáa fún ojú tó ń dun ènìyàn. Ẹ sì ti gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba yí padà. Wọ́n ní ká sinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi fúnra mi ni màá wá mú wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá wá o. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Láníyì.


Ilé Aláró, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1984.

Àkànní,

Ṣé o gba ìwé tí a kọ́kọ́ fi rán awakọ̀? N kò gbọ́ èsì, ni mo ṣe ní kí Tíṣà tún kọ èyí, ká fi í ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ìwé rẹ tó sọ pé kí bàbá rẹ máà wá, ojúde náà la ti kà á. Tíṣà kò tíì kà á tán tí ẹnì kan fi rẹ́rìn-ín láàárín èrò, ó ní, “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ṣé gbàgede náà wà ṣá?” Àwọn mìíràn bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ dìde. Ó ní, “Ọmọ tèmi kì í purọ́. Màá lọ, màá sì padà wá sọ ohun tí mo rí fún yín.” Mo di aṣọ rẹ̀ mú títí, ó gbọ̀n mí dànù. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù Ṣéhù ará Ìlọrin tó ń lọ sí Súléjà. Ó di agbádá Iléyá rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun ò ní wọ aṣọ oko lọ síbi tí ọmọ òun ti jẹ́ ènìyàn.

Ṣéhù ti dé. Ó ní òun kò já a sílẹ̀ ní Súléjà, òun ṣe é lóore, òun gbé e dé Àbújá gan-an, síbi pátákó ńlá kan tí wọ́n ya àwòrán sí, létí pápá kan. Bàbá rẹ ní kó já òun síbẹ̀. Ó ní, “Ibi iṣẹ́ ọmọ mi nìyí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ á wá síbi iṣẹ́.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ? Bó bá ti dé, kí ló ń dùn ẹ́ tí o kò lè kọ ìlà kan ṣoṣo? Bí kò bá… Tíṣà ní kí n má sọ ìyẹn. Kọ̀wé, Àkànní. Àyà mi ń já.

Ìyá rẹ,
Mùfúlíátù.


Kármò, Àbújá.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta, ọdún 1984.

TÍṢÀ, Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ KA ÈYÍ NÍ OJÚDE. Ẹ MÚ ÌYÁ MI WỌ YÀRÁ.

Ìyá mi,

N kò lè kí yín lónìí. Bàbá kò sí lọ́dọ̀ mi.

Ìjẹta, ìyẹn ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ni ìwé yín méjèèjì tó mi lọ́wọ́. Láti ìparí oṣù kìíní ni ilé-iṣẹ́ wa ti kó ẹrù wọn, wọ́n lé wa kúrò ní ibùdó Gárkì. Kármò ni mo wà, mò ń bá wọn gé búlọ́ọ̀kù. Ọ̀dọ̀ mẹ́gáàdì ibùdó ni ìwé yín sùn sí. Ó yẹ kí n ti kọ̀wé sọ fún yín pé mo ti ṣí kúrò. Ìtìjú ni kò jẹ́.

Ìyá, kò sí gbàgede. Ilẹ̀ pupa ni. Katakata ti hú gbogbo igi ibẹ̀, wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n ta okùn, ó tán. Èmi kò tẹ́ òkúta kankan, kòtò ni mo gbẹ́. Pátákó tí Ṣéhù sọ yẹn, ara rẹ̀ ni wọ́n ya gbàgede náà sí, bí yóò ṣe rí bí a bá kọ́ ọ tán. Òkúta funfun, omi tó ń tú, àga lábẹ́ igi, èrò tó pé bìbà, gbogbo rẹ̀, ara pátákó ni mo ti rí i. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo fẹ́ kọ̀wé sí yín, mo rántí bí ojúde á ṣe kún, tí gbogbo wọn á máa dúró de ohun tí Láníyì fẹ́ wí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti kúrò nílé, n kò ní nǹkan kan tí mo lè wí. Mo bá kọ ohun tó wà lára pátákó.

Bí mo ṣe ka ìwé yín ni mo sáré lọ síbẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni. Mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ èèkàn ní, “Kai! Bàbá Yorùbá yẹn?” Ó ní ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń jókòó sábẹ́ pátákó lójoojúmọ́, pẹ̀lú agbádá ńlá lọ́rùn nínú oòrùn. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá, á dìde, á máa pe “Láníyì! Láníyì!” Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gba ọ̀nà igbó lọ. Ó ní ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí òun ti rí i gbẹ̀yìn.

Mo wólẹ̀ sínú erùpẹ̀ yẹn, mo ké bí ọmọdé. Ẹ má ṣépè fún mi, ìyá mi. Mo ń lọ wá wọn.

Láníyì.


Ilé Aláró, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin, ọdún 1984.

Láníyì,

N kò pè ọ́ ní Àkànní lónìí. O rí i bẹ́ẹ̀.

Tíṣà mú mi wọ yàrá bí o ṣe kọ ọ́ sókè ìwé. Mo ní kó tún un kà nítorí mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tìrẹ kò lọ ju oṣù márùn-ún lọ, orí bàbá rẹ ló sì já lé. Ojú kan ṣoṣo tó kù fún un, pátákó lo fi tàn án wá wò!

Bí mo ṣe jáde báyìí, gbogbo wọn ti jókòó sí ojúde. Bàbá Yínúsà ní, “Kí ni ìwé wí?” Ẹnu mi ṣí, mo gbọ́ tí mo ń wí pé Òjó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń jẹ̀gbádùn. Wọ́n hó yèè. Wọ́n ń bá mi yọ̀. Èmi Mùfúlíátù, tí ẹnikẹ́ni kò ká irọ́ mọ́ lẹ́nu rí! Wo ohun tí o sọ mí dà láàárín àgbà.

Ǹ bá wá fúnra mi, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àpò pẹ́nrẹ́n, wọ́n á mọ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín ní ìta, mo ń sunkún ní yàrá. Wá ọkọ mi fún mi. Bó wà láàyè, bó kú, wá a. Má sì sùn títí wàá fi rí i, nítorí èmi náà kò sùn.

Mùfúlíátù.


Kármò, Àbújá.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 1984.

TÍṢÀ, YÀRÁ NI O.

Ìyá mi,

Ohun gbogbo tí ẹ wí, mo jẹ̀bi rẹ̀. N kò tíì rí wọn.

Mo ti fi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Mo ti dé tésàn ọlọ́pàá, mo ti dé gbogbo mọ́sáláṣí tí mo mọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Lúgbẹ, mo ń yà sí abúlé Gwárí kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti wí “sànnu” tán, Haúsá mi tán nìyẹn. Màá wá máa fi ọwọ́ ṣàpèjúwe àgbàlagbà fún wọn, màá fi ọwọ́ bo ojú mi kan. Àwọn mìíràn á gbé omi fún mi, wọ́n rò pé ojú ló ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ọsibítù, wọ́n ní àgbàlagbà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kú sọ́dọ̀ àwọn. Ìyá mi, mo ní kí n wò ó. Wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Kì í ṣe òun. Mo dúpẹ́, ojú sì tì mí pé mo dúpẹ́, nítorí òun náà ní ọmọ tó ń wá a níbì kan.

Lójoojúmọ́ ni mo ń padà sábẹ́ pátákó yẹn. Mo máa ń dúró níbẹ̀, mo máa ń pe “Bàbá!” sí inú pápá. Mẹ́gáàdì ti ń sọ fún àwọn èrò ọ̀nà pé ọpọlọ mi ti dàrú. Ó ní bàbá pe ọmọ títí, bàbá lọ, ọmọ tún dé, ó ń pe bàbá.

Ọmọ yín tó sọ bàbá rẹ̀ nù,
Láníyì.


Gárkì, Àbújá.
Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, ọdún 1984.

Ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, gbogbo ilé Aláró,

Ẹ bá mi yọ̀! Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Àwọn fúnra wọn ló fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, èmi kàn ń kọ ohun tí wọ́n ń wí ni.

Yínúsà ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Mùfúlíátù, mo kí ọ. Èmi Òjó rèé. Mo dé Àbújá. Mo rí gbàgede náà, ojú mi tó kù yìí ni mo fi rí i. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, ẹ fetí sílẹ̀. Láníyì kò sọ ọ́ tán. Ẹ̀rù ló bà á kí ẹ má pè é ní òpùrọ́, ó gé e kúrú. Bí o bá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, o kò lè dá ẹni tó wà ní òpin mọ̀. Òkúta ibẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ àní nínú oòrùn ọ̀sán. Oríṣiríṣi ènìyàn ń kọjá, ẹnikẹ́ni kì í ti ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí kò gbọ́ èdè mi gbé oúnjẹ fún mi níbẹ̀, kò bi mí ní ìran mi. Nígbà tí wọ́n bi mí pé bàbá ta ni mí, mo dá wọn lóhùn. Mo jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ó tó o.

Ibi tí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí. Ẹ mú ìyá mi wọ yàrá kí ẹ tó ka ìyókù.

Ìyá mi, Tájù ará Ìlọrin tó ń ta bàtà lọ́jà Gárkì ló ṣe mí lóore. Ó ní ìyá Gwárí kan tó ń jẹ́ Làmí wá sọ́jà, ó ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá, pé òun ní aláìsàn nílé. Mo tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn pápá yẹn gan-an ni abúlé rẹ̀ wà, mo ti kọjá nítòsí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti dé ni ó ti ń mú wọn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ bó bá ń ti oko igi bọ̀, tí wọ́n á sì tún padà sábẹ́ pátákó láàárọ̀. Nígbà tí ibà wá gbé wọn ṣánlẹ̀, ó kó wọn sínú ilé, ó ń tọ́jú wọn bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ni. Wọ́n ti rù. Ojú òsì náà ti lọ. Wọn kò rí mi, ọwọ́ ni wọ́n fi mọ orí mi.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Bàbá, irọ́ ni mo pa.” Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Erùpẹ̀ ni mo tẹ̀.” Mo ní kí ló dé tí wọn ò padà sílé nígbà tí ojú díẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ní, “Kí n padà, kí n wí kí ni? Ṣé kí n dúró ní ojúde, kí n ní òpùrọ́ ni ọmọ mi?”

Wọn kò jẹ́ ká wá sílé, ìyá mi. Ìyẹn ni mo fi ń kọ èyí. Wọ́n ní bí àwọn bá dé, Bàbá Yínúsà á wo ojú àwọn, á mọ̀ pé kò sí ohun tí àwọn rí. Wọ́n ní ká fi àwọn sílẹ̀ síhìn-ín kí àwọn kú. Wọn kì í jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ. Mo bẹ̀bẹ̀, Làmí bẹ̀bẹ̀ ní èdè tirẹ̀, wọ́n kọ etí dídi. Ẹ gbà mí. N kò mọ ohun tí màá ṣe mọ́.

Láníyì.


Ilé Aláró, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1984.

Àkànní,

Ọlọ́run ló ni ọpẹ́. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Làmí, kí Ọlọ́run má fi ọmọ rẹ̀ sí àjò tí kò ní rẹ́ni tọ́jú rẹ̀.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà méjèèjì tó o kọ ọ́ sókè, Tíṣà rí i. Èyí tó o wá kọ sáàárín ìwé yìí, ayọ̀ ti gba Tíṣà lọ́kàn, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ló bá kà á jáde bí ó ṣe wà: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí. Ẹ mú ìyá mi wọ yàrá.” Gbogbo ojúde yí ojú sí mi. Tíṣà fẹ́ ká ìwé náà, Bàbá Yínúsà ní, “Kí ló wà níbẹ̀ tí àgbà ilé kò lè gbọ́? Kà á lọ.” Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí Tíṣà kà á lọ. Ó sì kà á, gbogbo rẹ̀, títí dórí ṣíbí mẹ́ta.

Mo rò pé ilẹ̀ á lanu. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá Yínúsà fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀, ó ha á títí, lẹ́yìn náà ó ní, “Tíṣà, padà sẹ́yìn. Ti Òjó nìkan ni kó o kà.” Tíṣà padà sí “Èmi Òjó rèé.” Nígbà tó dé ibi òkúta tó tutù, Bàbá Yínúsà ní “Háà!” Gbogbo wọn tẹ̀ lé e, “Háà!” Nígbà tó dé ibi obìnrin tó gbé oúnjẹ, wọ́n ṣàdúrà fún un. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin bí ẹni pé kò sí ìwé mìíràn láyé.

Ìwọ ní tìrẹ, ọ̀rọ̀ wà láàárín èmi àti ìwọ, n kò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n gbé ọkọ mi, kó o máa bọ̀. Ṣéhù á dé Àbújá lọ́jọ́ Fúráìdeè, abẹ́ pátákó náà ni yóò ti gbé yín. Wọ agbádá fún bàbá rẹ dáadáa. Bàbá Yínúsà ní òun fúnra òun ni yóò lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì. Kà á sí i létí bí mo ṣe wí i yìí: a ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní ojúde, gbogbo ilé Aláró ń dúró dè é kó wá sọ ìyókù gbàgede náà fún wa.

Ìyá rẹ,
Mùfúlíátù.